Ẹ Má Gba Katapílà Yẹn: Ìdáhùn sí Akọ̀wé Àdúgbò Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Odò kékeré kan gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, ó ń lọ wọ Odò Ọbà. Gbogbo Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù la máa ń lọ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, àmọ́ tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ìdọ̀tí á tún ti kún ibẹ̀ bí ẹni pé a ò débẹ̀ rí. Ọ̀nà oko àtijọ́ kan wà lẹ́bàá odò náà tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ tún ṣe, kí tọmọdé tàgbà lè máa rìn níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọnọrébù kan gbọ́ sí i, ó sì ṣèlérí pé òun á gbé katapílà wá ro etí odò mọ́ lọ́tùn-ún lósì, òun á sì tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì síbẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan ní ibì kan wà létí odò yẹn tí a kì í fọwọ́ kàn, àwọn ìyá tó ń fọṣọ níbẹ̀ náà sì ń béèrè ibi tí àwọn máa gbà. Ṣé ká gba katapílà yìí? Tá ò bá gbà á, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú làálàá àdúgbò. Ẹ má gba katapílà yẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọnọrébù, ẹ má bá a jà, torí ohun tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà, màá dárúkọ rẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n katapílà ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bèbè odò yín.

Ìdí rèé. Ohun tí ẹ rí tí ẹ̀ ń pè ní igbó játijàti yẹn ló gbé bèbè odò náà ró. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jìn púpọ̀ kí ọkọ́ tó kan àpáta. Ẹni tó bá ti san owó kànga gbígbẹ́ rí níbẹ̀ á jẹ́rìí mi. Nítorí náà, omi òjò ò ríbi púpọ̀ rì sí. Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè yín tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200 lọ́dún, àárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ òjò ńlá tó ń rọ̀ tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Omi yẹn á sáré kúrò lórí páànù, á gba orí kọnkéré àgbàlá, á gba gọ́tà, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Gbòǹgbò ọparun, gbòǹgbò ọ̀pẹ, gbòǹgbò koríko tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá, àwọn ló ń di iyẹ̀pẹ̀ bèbè mú nígbà náà. Bí katapílà bá hú wọn, òjò ńlá àkọ́kọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bèbè náà. Lọ́dún kìíní ẹ máa rí i pé odò ti fẹ̀ sí i, inú yín tilẹ̀ lè máa dùn sí i. Kò ní pẹ́ tó fi máa dé ìdí ọgbà ẹnì kan. Íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n tẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ wó sómi, torí omi á ti wa iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Iyẹ̀pẹ̀ tí omi wa lọ yẹn ò parẹ́ o. Bí odò yín bá wọ Ọbà lókè dáàmù tó ń fún ìlú lómi, inú dáàmù ló ń lọ jókòó sí, bó bá sì ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni àyè omi mímu ń dín kù. Bó bá wọ Ọbà nísàlẹ̀ dáàmù, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló gbà á. Ọbà ń lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń lọ wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọ kan jù sẹ́yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrìn àjò gígùn níwájú.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, tó ya lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya ní Ìbàdàn kan náà, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Mi ò sọ pé katapílà ló fà á. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi àti ìdọ̀tí tó dí abẹ́ afárá wà lára ohun tó fà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ti 1980, owó rẹpẹtẹ ni ìjọba ná láti fi kọnkéré la ọ̀nà fún Ògùnpa, síbẹ̀ àwọn odò mìíràn nílùú náà ya ní 2011. Kọnkéré a máa tètè lé omi kúrò níwájú ilé ẹni. Kì í dín omi kù, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń lé e lọ.

Ṣé kí igbó wá bò yín mọ́lẹ̀ ni? Rárá. Àdá ni kí ẹ fi ṣe é, kó má ṣe jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ fi igi, ọparun àti koríko sílẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 10, ó kéré tán, láti etí omi, lọ́tùn-ún lósì. Láàárín rẹ̀, ẹ kàn gé ẹ̀ka tó bá ń dí ojú, kí ẹni tó ń rìn lè máa rí omi, kí ẹnì kankan má sì lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ewé Akíntọ́lá ni kí ẹ kọ́kọ́ hú dànù, torí àlejò ni lórí ilẹ̀ wa, tó bá sì gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, iná ló ń fà. (Mo mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é níbòmíì. Mi ò ní dá ìjà òṣèlú àtijọ́ sílẹ̀ ní ìlú Akíntọ́lá.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìdọ̀tí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Láti 1984 tí ìjọba ológun ti gbé ìmọ́tótó òpin oṣù kalẹ̀ la ti ń gbá ojú kan náà. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ní Sátidé dára, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ ti ń gbá ohun tó ń ti òkè bọ̀. Kí ẹ tó tún mú ìgbálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rin odò náà. Ẹ kó èèyàn mẹ́fà tàbí méje jọ, kí obìnrin wà nínú wọn, kí àgbà kan tó mọ ìtàn ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà róbà, ẹ mú ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí odò yín ti wọ Ọbà, kí ẹ máa lọ sókè títí ẹ ó fi dé ibi tí omi ti ń sun. Gbogbo ẹnu gọ́tà, gbogbo ààtàn, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ibi tí àwọn alápatà ti ń fọ ẹran, ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ náà. Ṣe ni kí ẹ máa kí wọn, kí ẹ máa kọ.

Tí ẹ bá to gbogbo rẹ̀ jọ, ó máa ń yà àwọn èèyàn lẹ́nu pé ibi díẹ̀ ló ń fa wàhálà tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnu gọ́tà méjì mẹ́ta ni. Gbogbo wa la sì mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: òjò á ṣú, àwọn kan á gbé garawa ìdọ̀tí jáde, wọ́n á dà á sí gọ́tà, òjò á bá wọn gbé e lọ. Wọn kì í ṣe ìkà. Kò sẹ́ni tó ń wá kó o fún wọn ni, àbí owó tí akólẹ̀ ń béèrè pọ̀ jù. Tí ẹ bá kàn lẹ «Ìkìlọ̀! Ẹ má da ìdọ̀tí síbí mọ́» mọ́ ara ògiri, lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa dà á sí. Kí ẹ tó kìlọ̀, ẹ wá ọmọlanke tàbí kẹ̀kẹ́ tó máa wá kó o lọ́jọ́ tí gbogbo ilé mọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá owó tí agbára ẹni tó tálákà jù ká. Ìgbà tí èyí bá ti ń lọ déédéé lẹ tó lẹ́nu láti bá ẹni tó bá ṣì ń dà á sí gọ́tà wí.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi irin ṣe asẹ́ sẹ́nu gọ́tà, kí ìdọ̀tí lè há síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é láìní ẹni tó máa kó o lẹ́yìn gbogbo òjò. Asẹ́ tí wọ́n bá pa tì fún ọ̀sẹ̀ kan lásìkò òjò á dá omi padà sínú ilé àwọn èèyàn, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á fà á tu, orúkọ ẹgbẹ́ yín á sì bàjẹ́ mọ́ ọn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí gba sùúrù, torí oúnjẹ òòjọ́ àwọn ìyá ni. Omi tó ń kán jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún ní oró sáyánáìdì nínú, ó ń pa ẹja, koríko ibi tó ń gbà sì máa ń kú. Ẹ má sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ yín bá wọn gbẹ́ kòtò síbi tó jìnnà sódò àti sí kànga, kí omi ẹ̀gẹ́ máa lọ síbẹ̀ dípò odò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ọ̀dọ́ mẹ́wàá. Àwọn alápatà ní tiwọn, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń jẹ atẹ́gùn inú omi tán, ìdí nìyẹn tí odò fi ń rùn tó sì ń dúdú nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀dọ̀ wọn gba kí ẹ mú ìjọba ìbílẹ̀ dání, agbára yín nìkan ò tó o. Ti Gámálìn ò gba sùúrù rárá. Oògùn kòkòrò oko kòkó ni, májèlé ni, ẹni tó bá ń dà á sódò láti fi pa ẹja ń fi í bọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Bí ẹ bá sì rí ojú oró tó bo ibi tí omi ti dúró, ẹ má rò pé ẹwà ni. Ajílẹ̀ láti oko àti ìgbẹ́ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹ kó o kúrò, ẹ sá a gbẹ sórí ilẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tó ń bọ́ ọ lọ sókè.

Àwọn kan á sọ fún yín pé èèyàn wa ò lè pa òfin omi mọ́. Ẹ ní kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà nípa sòbìyà, aràn gígùn tó ń tinú omi mímu wọ ara èèyàn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in kárí Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000, àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì mọ oró rẹ̀ sára. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní oògùn tó ń wò ó. Lóòótọ́ wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì da oògùn sí omi, ṣùgbọ́n ohun tó gbé e lọ jù ni aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu, àti òfin abúlé pé ẹni tí sòbìyà bá ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú omi tí gbogbo ayé ń pọn. Ọdún 2008 lẹni tó kẹ́yìn ní in ní Nàìjíríà, nígbà tó di 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn tó pa òfin yẹn mọ́ ò kàwé jù yín lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ní ibì kan wà tí a kì í fọwọ́ kàn. Mo mọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, ẹlòmíì ò sì ní fẹ́ jókòó pẹ̀lú aláwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ odò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí igbó etí odò ti ṣẹ́ kù ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ máa rí i pé ibi tí èèwọ̀ wà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 ni, ìlú ti yí i ká pátápátá. Ohun tó gbà á là ni pé a kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ gé igi rẹ̀, àwọn olórìṣà, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti Susanne Wenger, ọmọ Ọ́sítríà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, jọ dìde sí i. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà nínú igbó yẹn, tọmọdé tàgbà ló ń rìn ín, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe.

Síbẹ̀ Òṣogbo náà ní ohun mìíràn tó ń kọ́ wa. Wọ́n ṣọ́ igbó wọn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù wà lókè odò, lọ́nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, omi Ọ̀ṣun sì pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Ní 2022 ó di pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń kìlọ̀ kí àwọn tó wá ṣọdún má mu omi náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ rìn dé orísun kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ìdílé tó ni ibi èèwọ̀ yẹn. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yín yà kúrò níbẹ̀ pátápátá, ẹ má ri pátákó tó ń júwe ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ ò wá gba ilẹ̀ wọn, àwọn ni wọ́n á di ọlọ́dẹ yín.

Àwọn ìyá tó ń fọṣọ ńkọ́? Wọn ò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n mọ odò yẹn ju ẹ̀yin tó ń dé ibẹ̀ lóṣooṣù lọ, ó sì yẹ kí méjì nínú wọn wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ bá wọn ṣe pẹpẹ kọnkéré kékeré sórí ilẹ̀, kúrò létí omi, tó ní kòtò òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omi ọṣẹ á máa rì sí. Kí wọ́n máa pọn omi wá síbẹ̀, kí wọ́n má da ọṣẹ padà sódò. Bí ẹ bá gbé pẹpẹ yìí jìnnà jù, wọn ò ní lò ó, ẹ má sì bi wọ́n léèrè ìdí.

Ọ̀nà oko àtijọ́ yẹn ni ọrọ̀ tó tóbi jù lọ́wọ́ yín, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ là á ru iṣu àti igi ìdáná lórí. Wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti le, wọ́n mọ ibi tí omi kì í dé. Ẹ tẹ̀ lé e níbi gbogbo tó bá ti ṣeé ṣe. Ibi tó bá ti sún mọ́ bèbè jù nìkan ni kí ẹ ti yí i sẹ́yìn, kó má wọ inú mítà 10 tí ẹ fi sílẹ̀ fún igi àti koríko. Ẹ yan ibi méjì tàbí mẹ́ta péré tí èèyàn á ti máa sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, ẹ to òkúta síbẹ̀. Tí ẹ ò bá yan ibi fún wọn, ibi gbogbo ni wọ́n máa gbà sọ̀ kalẹ̀, bèbè á sì ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ìbú mítà kan àtààbọ̀ ti tó, kí èèyàn méjì lè máa rìn kí wọ́n sì máa tàkúrọ̀sọ. Tó bá ju ìyẹn lọ, ọ̀kadà á gbà á. Níbi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà já tààrà láti òkè wá sísàlẹ̀, torí òjò á sọ ọ́ di gọ́tà. Ẹ jẹ́ kó fara gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kó máa gùn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń la irú ọ̀nà báyìí kì í sábà jẹ́ kó ròkè ju mítà kan lọ nínú mítà 10 tí ẹsẹ̀ bá rìn. Kí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sódò rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, kí omi lè ré orí rẹ̀ kọjá dípò kó máa bá ọ̀nà lọ. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti wò ó. Ẹ gbé búta kan, ẹ da omi sórí ọ̀nà, ẹ dúró wò ó. Bó bá jókòó, ẹ tún un ṣe. Bó bá ń rìn lọ lórí ọ̀nà, ẹ tún un ṣe. Bó bá ré kọjá bọ́ sínú koríko, ó ti dára. Ọkọ́, ṣọ́bìrì àti òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ní íńtálọ́ọ̀kì díẹ̀, ẹnu ọ̀nà láti títì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí àwọn arúgbó àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé dé orí àga àkọ́kọ́ lábẹ́ igi.

Tí àwọn ọ̀dọ́ yín bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀nà inú igbó, Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́ Ilé ò jìnnà sí yín. Ọ́fíìsì àgbà wọn wà ní Ìsokùn nílùú Ọ̀yọ́, láti 1991 ni ilẹ̀ náà sì ti di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n mú yín rìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn mọ ohun tí ìwé ò lè sọ fún yín nípa ejò.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé odò lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀? Torí ìgbìmọ̀ ò lè máa ṣọ́ odò lóru lọ́sàn-án. Èèyàn tó ń kọjá ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ da ìdọ̀tí síbi tí bàbá kan ń rìn kọjá láago mẹ́fà àárọ̀, tí àwọn ọmọ Yunifásítì LAUTECH ń sáré kọjá láago mẹ́fà ààbọ̀, tí àwọn ìyá ń gbà dé ibi ìfọṣọ láago méje, á wò yíká lẹ́ẹ̀mejì, á gbé ìdọ̀tí rẹ̀ padà. Torí ẹ̀ náà ni mi ò ṣe fẹ́ ẹ̀rọ orin tàbí onísúyà níbẹ̀. Ibi tí súyà bá dé, ọ̀rá ò ní pẹ́ débẹ̀. Kí àwọn ọmọ iléèwé máa wá ka lékèélékèé àti lámilámi. Ẹ mọ̀ pé inú omi ni ọmọ lámilámi ti ń dàgbà kó tó jáde fò. Bí ẹ bá ṣí òkúta inú odò tí ẹ sì bá oríṣiríṣi kòkòrò kéékèèké níbẹ̀, omi yẹn ṣì ní ẹ̀mí. Bó bá jẹ́ kòkòrò pupa tín-ínrín nìkan lẹ bá nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ tún padà lọ sókè. Ẹ sì so àwo funfun kan mọ́ okùn, ẹ máa rì í sínú omi lójú kan náà lóṣooṣù, ẹ kọ ibi tí ojú ò ti rí i mọ́ sílẹ̀. Ó tó ẹ̀rí láti gbé síwájú ẹnikẹ́ni.

Lórí ewu, ṣókí. Kí ọmọdé má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi ti ń lọ pẹ̀lẹ́ tó sì ní ìgbín kéékèèké. Ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń ranni, tí ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní in ló ń tọ̀ sómi, ohun tó jáde nínú ìtọ̀ náà á wọ inú ìgbín, á tún jáde, á gba awọ ara wọ ẹlòmíì. Oògùn rẹ̀ ń jẹ́ praziquantel, ilé ìwòsàn ló ń fúnni, ẹ má rà á lórí igbá. Kòtò tí àwọn tó ń wa yanrìn fi sílẹ̀ sì máa ń jìn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ bá àwọn onítípà ṣàdéhùn pé kí wọ́n má wa ibi tí ọ̀nà yín gbà. Bí àwọn Fúlàní bá ń da màlúù wá mumi, ẹ bá olórí gàá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ yan ojú kan ṣoṣo, kí ẹ to òkúta síbẹ̀. Màlúù tó ń gba ojú kan ò ní ba bèbè mìíràn jẹ́.

Ti ilẹ̀ ló lè fọ́ ẹgbẹ́ yín. Ẹ bá baálé gbogbo ìdílé tí ilẹ̀ wọn kan odò sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé lórí sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Àjọ NESREA, tó ń mú kí wọ́n pa òfin àyíká mọ́ ní Nàìjíríà, ní òfin kan láti 2009 tó dá ààbò bo àbàtà, bèbè odò àti etí ọ̀sà. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ará àdúgbò yín. Lẹ́yìn ìyẹn, péregun ni kí ẹ gbìn sí ààlà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó rí péregun lójú ààlà tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ló gbìn ín síbẹ̀ fún ìdí kan, kì í sì í tètè kú.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Ọnọrébù báyìí. Ẹ fi lẹ́tà kan bẹ̀ ẹ́ fún ohun mẹ́ta: kí ó bá yín tún afárá kékeré tí omi ti ń há ṣe, kí ó gbé àpótí ìdọ̀tí ńlá kan wá tí ọkọ̀ á máa wá kó, kí ó sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìfọṣọ àwọn ìyá. Orúkọ rẹ̀ lè wà lára kànga ẹ̀rọ yẹn gàdàgbà, kò burú. Tó bá sì takú pé katapílà lòun fẹ́ gbé wá, ẹ mú un lọ sí ààtàn ńlá tí ẹ máa rí nígbà tí ẹ bá ń rin odò, èyí tó jìnnà sí bèbè, kó lọ kó ìyẹn. Ibẹ̀ ni katapílà ti wúlò.

Ẹ rin odò náà lóṣù kẹta, kí òjò tó dé dáadáa, nígbà tí omi kéré tí gbogbo ẹnu gọ́tà sì hàn. Ẹ la ọ̀nà lóṣù kẹrin. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, kí ẹ tó gbin ohunkóhun sí ibi tí bèbè ti ya. Ọparun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ gé èyí tó ti gbó díẹ̀, kí kókó méjì tàbí mẹ́ta wà lára rẹ̀, ẹ rì í sílẹ̀ kí kókó kan wà nínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi mítà mẹ́ta mẹ́rin sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Èyí tí ẹ bá gbìn lóṣù kẹsàn-án ò ní ta gbòǹgbò tó kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ sì fi ẹ̀gún yí i ká títí tí yóò fi ga ju orí ewúrẹ́ lọ, torí ewúrẹ́ àdúgbò yín ò sí nínú ìgbìmọ̀.